Àpò Jákẹ́ẹ̀tì Nell

Bí ẹ bá ti wo fíìmù akíkanjú rí, irú ẹni tó ń fò lójú sánmà tó sì ń fi ọwọ́ kan dá ọkọ̀ ojú irin dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mo lọ ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ocie Bledsoe lorúkọ mi. Aṣọ ni mò ń lọ níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ fún àwọn òṣèré, lẹ́yìn ìlú Griffin ní Georgia. Àwọn mẹ́jọ ló ń rán, èmi nìkan ṣoṣo ló ń lọ, síbẹ̀ èmi ni wọ́n ń pariwo lé lórí pé mi ò yára. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Wynelle Tackett ni mo fẹ́ sọ.

Wynelle ló jókòó sí màṣíìnì tó sún mọ́ tábìlì mi jù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, awò ojú méjì ló sì ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, tó máa ń wá méjèèjì kiri. Kí iṣẹ́ fíìmù tó dé àdúgbò wa, ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rán ṣòkòtò jíǹsì nínú Griffin. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pín fúnni níbẹ̀: ẹnì kan ń rán ìbàdí, ẹnì kan ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ léti, ẹnì kan ń kan bọ́tìnì. Àpò ni wọ́n fún Wynelle. Àpò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún. Nígbà tí àwọn olówó ibẹ̀ kó màṣíìnì wọn lọ sókè òkun, wọ́n gé kéèkì fún un, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe nǹkan kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan náà á wọ̀ ọ́ lórí. Wynelle máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fojú wo obìnrin láyé yìí, kó ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin á ra ṣòkòtò, àpò mẹ́rin á wà níbẹ̀. Obìnrin á ra tiẹ̀, wọ́n á rán ìbòrí àpò sí i, kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. "Irọ́ ni wọ́n rán sí wa lára," á ní. Kò sí aṣọ tirẹ̀ tí kò lápò. Aṣọ dúdú tó wọ̀ lọ sin Virgil ọkọ rẹ̀ pàápàá ní méjì, ọ̀kan fún áńkáṣíìfù, ìkejì fún ẹ̀pà bíbọ̀, nítorí ó ní òun mọ pásítọ̀ àwọn, kì í tètè parí.

Àṣà kan wà tí a ní. Bí fíìmù tí a ránṣọ rẹ̀ bá jáde, gbogbo wa á jọ lọ wò ó ní ilé sinimá Griffin lọ́sàn-án Sátidé. Nínú irú fíìmù yìí, èèyàn kì í dìde nígbà tí ìtàn bá parí, nítorí wọ́n máa ń fi ìrù kékeré kan, ìyẹn eré ráńpẹ́ kan, há ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn tí orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ bá ti kọjá tán. Ìrù yẹn ni àwọn yòókù ń dúró dè. Orúkọ ni Wynelle ń dúró dè ní tirẹ̀. Á máa kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti orí awakọ̀ dé orí alásè, dé orí káfíńtà. "Ẹni tó bá dìde kó tó tán, wọn ò kọ́ ọ nílé," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí orúkọ tirẹ̀ jáde níbẹ̀, ó gbá mi lápá, apá náà wú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Fíìmù mẹ́fà la ti jọ ṣe. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olólùfẹ́ akíkanjú kì í ṣe ju nǹkan méjì lọ: á ké, á sì já bọ́. Wynelle ló ń rán aṣọ wọn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé. Bí àwòrán tuntun bá dé, á ju ojú sí i, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń já bọ́ tún dé."

Nígbà tó di ti Nell Baptiste, nǹkan yí padà. Nell yìí ni olólùfẹ́ nínú fíìmù keje, iṣẹ́ àtúnṣe lífìtì ló ń ṣe. Ojú ewé kan láti inú ìwé eré bá àwòrán aṣọ rẹ̀ wá, kí a lè mọ̀ bóyá aṣọ náà máa kan omi tàbí iná. Wynelle gbé e sókè, ó kà á fún gbogbo wa. Okùn lífìtì já, Nell ń fì dirodiro, akíkanjú tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ìjì fò wá, ó gbá a mọ́ra, ó ní, "Má bẹ̀rù, mo ti dì ọ́ mú." Nell wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "O káre. Ṣùgbọ́n okùn tí mo so mọ́ ìbàdí ló dì mí mú. Ìwọ lo rọ̀ mọ́ mi."

Wynelle rẹ́rìn-ín títí awò orí rẹ̀ fi já bọ́. Ó fi pínnì kan ojú ewé náà mọ́ ara ògiri lókè màṣíìnì rẹ̀.

"Ocie, wá wo ọmọbìnrin yìí. Èyí níṣẹ́ lọ́wọ́!"

"O ti yó ìfẹ́ ẹni tí o kò rí rí," mo ní.

"Wo bó ṣe fèsì. Kò bú u, kò sì kí i kú ewu. Ká ní mo bí ọkùnrin ni, ǹ bá ti lọ tọrọ rẹ̀ fún un."

"Ọkùnrin rẹ ì bá máa sá fún un."

"Bó bá sá, kò yẹ ẹ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ó di Nell ṣe báyìí, Nell ò ní gbà báyẹn, bí ẹni pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Èmi ò ní purọ́, inú mi náà dùn sí Nell. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ aṣọ àwọn tó ń ké.

Wàhálà wá wà nínú àwòrán. Bettina Froelich ló yà á, òun ló ń ya aṣọ gbogbo fíìmù náà. Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ni, awọ wà ní ìgúnpá rẹ̀, ìbòrí àpò mẹ́rin ló sì wà níwájú, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó lápò. Bettina fẹ́ kó jókòó pẹ́tẹ́ sí ìbàdí òṣèré. Mẹ́fà la máa rán, bákan náà, nítorí bí ọ̀kan bá ya tàbí tó rẹ sómi níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, òmíràn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí ojú kò ní mọ̀ yàtọ̀. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa nìyẹn. Prentiss Hargrove, ọ̀gá wa, ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá: MẸ́FÀ, BÁKAN NÁÀ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì láṣẹ láti fi ohun tí kò sí nínú àwòrán kún un.

Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà náà, Marisol Quezada ló rán an. Marisol ló kéré jù nínú wa, oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò, kò sì tíì dá a lójú pé wọ́n máa gba òun dúró. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń kan lébẹ́ẹ̀lì kékeré sí ìdí kọ́là ohun tó bá rán. Lébẹ́ẹ̀lì Marisol ló wà lára jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, òun ni wọ́n sì gbé wọ òṣèré tó ń ṣe Nell, Temperance Adair, nígbà tó wá dán aṣọ wò.

Wynelle wà lórí ìkúnlẹ̀, pínnì kún ẹnu rẹ̀, ó ń ṣe etí jákẹ́ẹ̀tì. Temperance ti ọwọ́ sábẹ́ ìbòrí àpò, èékánná rẹ̀ sì kán.

"Yéè! Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni atúnlífìtìṣe máa fi sikirudiráfà rẹ̀ sí?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni," Wynelle sọ ọ́ láàárín pínnì, "inú kọ́ḿú ni."

Temperance rẹ́rìn-ín gan-an. Lẹ́yìn náà ló wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Obìnrin yìí mọ gbogbo nǹkan ṣe, mi ò sì ní ibi tí màá fọwọ́ sí. Màá dúró bí igi." Bettina ò sí níbẹ̀. Hargrove ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Wynelle ń wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo wa jáde lọ jẹun, ó ku Wynelle nìkan nínú ilé. Nígbà tí mo padà, jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wà lórí tábìlì mi fún lílọ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó nípọn lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Wynelle, kí ló wà lábẹ́ ìbòrí yìí?"

"Aṣọ ni."

"Aṣọ wo ló nípọn báyìí?"

"Ocie, lọ aṣọ rẹ."

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Àpò tòótọ́ ni, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ débi pé jákẹ́ẹ̀tì náà ṣì jókòó pẹ́tẹ́. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo fi hángà gbé e kọ́.

Awakọ̀ tó ń kó aṣọ lọ ló wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù fún wa. Ọmọ Ìjì ti gbá ilẹ̀kùn lífìtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀kùn náà ti tẹ̀, kò sì ṣí. Ó ní kí Nell bọ́ sẹ́yìn òun. Nínú ìwé eré, Nell á bọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Temperance ti rí àpò, ó sì ti kó kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ní kó fi kọ́ ìbàdí sínú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó mú un jáde, ó ní, "Ṣé o ti gbá a tán? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé." Olùdarí eré rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kò sí ìwé mọ́, bó ṣe máa wà nìyẹn, kí Nell máa ti ọwọ́ bọ àpò káàkiri fíìmù. Wynelle ń gbọ́, ó ń rán nǹkan mìíràn, etí rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n fún ayọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Tọ́sìdeè, wọ́n fẹ́ ya ibi tí òjò ti ń rọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì kẹta ni Temperance wọ̀. Ó dúró nínú òjò, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti ọwọ́ sábẹ́ ìbòrí, ọwọ́ ò wọlé. Wọ́n yẹ ìkẹrin wò, wọ́n yẹ ìkarùn-ún wò, kò sí àpò nínú wọn. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ló dúró síbẹ̀ tí òjò ẹ̀rọ ń pa wọ́n.

Hargrove kó jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà wálé, ó tò wọ́n sórí tábìlì gígùn, ó pe gbogbo wa. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì bani lẹ́rù. Ó ká ìbòrí jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sókè, ó fi ìka fa àpò náà jáde. Lẹ́yìn náà ló yí kọ́là padà.

"Quezada, lébẹ́ẹ̀lì ta lèyí?"

"Tèmi ni, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ìwọ lo rán an?"

"Èmi ni mo rán jákẹ́ẹ̀tì, sà. Mi ò mọ..."

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíràn má bàa bá mi sọ ọ́. Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ti wọ inú àpò yẹn. Mo wà níbẹ̀, mo ń wo bàtà mi, mo ń rò pé wọ́n á bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi tètè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ti ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń bá dákẹ́. Ojú ṣì ń tì mí dòní.

Wynelle ti dìde. "Ọwọ́ mi ni, ọ̀gá. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀sán ni mo rán an, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun."

"Tackett." Hargrove yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé àpò wà nínú àwòrán?"

"Kò sí, sà."

"Kí ló dé tí o fi rán an?"

"Torí pé obìnrin náà níṣẹ́ lọ́wọ́, sà. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ á nílò àpò."

"Ṣé o mọ iye èèyàn tó wà nínú òjò?"

"Mo gbọ́, sà. Àṣìṣe mi kọ́ ni pé mo rán àpò. Àṣìṣe mi ni pé ẹyọ kan ni mo rán."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Hargrove kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Jákẹ́ẹ̀tì kan tó yàtọ̀ sí márùn-ún lè ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ fún gbogbo ayé, òun ni wọ́n sì máa pè lẹ́jọ́. Ó wo aago, ó ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ni, pé olùdarí ń fẹ́ márààrún padà ní agogo méjì, gbogbo wọn pẹ̀lú àpò.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Marisol ń gé aṣọ inú àpò, omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Wynelle ń tú ìbòrí, ó ń rán, kò tilẹ̀ fi téèpù wọn nǹkan kan mọ́, ìka rẹ̀ ló fi ń wọ̀n. Mo ń lọ ọ́ bó ṣe ń jáde. Ẹnikẹ́ni ò pariwo lé mi lórí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjì lù, márààrún ti wà nínú ọkọ̀. Wynelle nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Nell á rí ibi fọwọ́ sí báyìí."

Ní Fúráìdeè, Hargrove fún un ní lẹ́tà. Wọn ò ní nílò rẹ̀ mọ́. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò, ó gbé tìmùtìmù tó ń fi sórí àga sábẹ́ apá, ó sì jáde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló rántí, ó padà wá yọ ojú ewé Nell kúrò lára ògiri. Marisol sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ò sunkún níbẹ̀, inú ọkọ̀ mi ni mo ti sunkún.

Fún bí ọdún kan, ilé ni Wynelle wà. Ó ń bá aládùúgbò ṣẹ́ ṣòkòtò léti, ó ń pààrọ̀ síìpù. Bí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á ní ara òun le, á ní iṣẹ́ pọ̀. Màṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ tó bò ó sì máa ń wà bó ṣe wà tí mo fi í sílẹ̀ nígbà tí mo wá kẹ́yìn. Ó ti kó àwọn àpò aṣọ tirẹ̀ gan-an jáde, ó ń fi ọwọ́ tún wọn rán. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò sí ohun tó dáa nílé yẹn.

Nígbà tí fíìmù náà jáde lóṣù Karùn-ún, a lọ mú un. Ó ní òun ò lọ. Marisol dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Àǹtí Wynelle, bí ẹ ò bá lọ, àwa náà ò lọ. Gbogbo wa á kàn jókòó síbí máa jẹ ẹ̀pà yín." Ẹ̀pà yẹn ló mú un dìde.

Ilé sinimá kún. Ọmọ Ìjì fò, ó jà, ó wó ilé mélòó kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú Nell ni gbogbo èèyàn ń wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn èèyàn á máa yí kiri nínú àga wọn. Ó máa ń dé láìsáré, á wo ohun tó bàjẹ́, á ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, á sì tún un ṣe. Kò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn rò pé òun nìkan ló ń gba ayé là, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nínú bó ṣe máa ń dúró kó gbá ilẹ̀kùn tán kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Wynelle ò jẹ ẹ̀pà kan ṣoṣo. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn lífìtì, tí Nell ti ọwọ́ bọ àpò, obìnrin kan lẹ́yìn wa ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Wò ó! Ó lápò! Ó lápò tòótọ́!" Làwọn obìnrin káàkiri ilé sinimá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ìtàn parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wa. Orúkọ Bettina kọjá, ti Hargrove kọjá, tèmi kọjá, ti Marisol kọjá, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí àwọn awakọ̀. Wọ́n ti yọ Wynelle kúrò.

Ó ń bá kíkà lọ, mo ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì: awakọ̀, alásè, káfíńtà.

Marisol ló dìde. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sókè yẹn dúró láàárín àga, ó sì pariwo bí akígbe ọjà: "Wynelle Tackett! Àpò!"

"Jókòó jàre!" ẹnì kan ké láti iwájú. "Ìrù ń bọ̀!"

Mo dìde, orúnkún mi dún. "Wynelle Tackett! Àpò!" Gbogbo àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń pè é. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa bi mí pé, "Ṣé òun ló rán an?" Mo ní òun ni. Òun náà dìde, ó ń pàtẹ́wọ́.

Wynelle fa aṣọ mi. Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí. Orúkọ ò tíì tán."

A jókòó. Ìrù dé. Nell wà lórí òrùlé, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n rán lẹ́yìn tí Wynelle ti lọ, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá sípánà. Wynelle tẹ̀ síwájú, ó mú awò orí rẹ̀ wálẹ̀ sójú.

"Ta ló rán ìyẹn?"

"Èmi ni, mà," Marisol sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó ti wálẹ̀ jù. Ìka méjì. Ṣé o rí i bó ṣe ń tẹ èjìká kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀?"

"Mo rí i, mà."

"Ó mọ́ ṣá. Ìrán rẹ̀ mọ́." Ó wá kó ẹ̀pà fún un.

Lóṣù Kẹjọ, àwòrán fíìmù kejì Nell dé sọ́wọ́ wa. Hargrove tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn. Lẹ́bàá jákẹ́ẹ̀tì náà, Bettina ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: àpò Tackett mẹ́rin, kì í ṣe ìbòrí lásán. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, Temperance Adair ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé ta ló rán an. Wọn ò kọ orúkọ náà síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ, ó sì di orúkọ àpò.

Hargrove kà á. "Jákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni lọ́tẹ̀ yìí," ó ní. "Ta ló lè rán èyí kó jókòó pẹ́tẹ́ sí ìbàdí?"

Marisol wò mí. Mi ò wo bàtà mi.

"Tackett ni, ọ̀gá," mo ní. "Ó ti wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ẹ pè é."

"Ìwọ pè é, Bledsoe."

"Rárá o, sà. Ẹ̀yin lẹ lé e. Èmi náà jẹ̀bi nínú rẹ̀, mo lọ àpò yẹn, mo sì dákẹ́. Ẹ lè kọ lẹ́tà tèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ pè é."

Hargrove mú fóònù, ó wọ inú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò kọ lẹ́tà kankan.

Ní ọjọ́ Ajé, Wynelle wọlé pẹ̀lú tìmùtìmù lábẹ́ apá. Ó da ẹ̀pà bíbọ̀ sórí tábìlì mi, ó fi pínnì kan ojú ewé Nell padà sára ògiri. Hargrove dúró lẹ́bàá màṣíìnì, ó ń fa kọ́là rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí.

"Mélòó ni, ọ̀gá?"

"Mẹ́jọ ni, mà."

"Ṣé gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló máa ní i?"

"Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

Ó jókòó, ó sì fi òwú bọ abẹ́rẹ́.